Ojú-Ìwé Awakọ̀ Ará Ṣábẹ̀

Bí àwọn ará ilé wa ní Ṣábẹ̀ bá bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní Parakou, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo máa ń pè é, kí n lè rí oúnjẹ mi jẹ ní àlàáfíà. Lọ́jọ́ tí mo sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló mú mi jókòó pé kí n ṣàlàyé. Mo ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni mo wà, wọ́n ní bulọ́ọ̀gù, ìyẹn ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ròyìn iṣẹ́ wọn fún aráyé. Èmi ni mò ń kọ ọ́, èmi náà ni mo sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ iye èèyàn tó wá síbẹ̀, ìlú tí wọ́n ti wá, àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó lọ. Ó wò mí títí. Ó ní ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sanwó oṣù fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbàdúrà fún mi pé kí wọ́n má tètè fura.

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Ìyá Alájà kan ní Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní Parakou, ló ni iléeṣẹ́ náà. Kò jókòó sí iléèwé rí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ọkọ̀ rẹ̀ ń kó èrò ná Kùtọnù, tó ń ná Malanville, tó sì ń kó ẹrù aṣọ wá fún àwọn oníṣòwò ọjà Arzèkè ní Parakou. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń darí ibẹ̀ báyìí. Dírẹ́tọ̀ là ń pè é, bẹ́ẹ̀ mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Dendi ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó gbọ́ Hausa, ó sì gbọ́ Yorùbá Zongo, èyí tí a máa ń bu Faransé sí bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹ má baà gbé e ṣépè nígbà tí a bá débi tó ti ṣàṣìṣe.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka bulọ́ọ̀gù náà. Faransé gbọọrọ ni wọ́n dà síbẹ̀: ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra, bí a ṣe ń di ẹrù, ìdí tí iléeṣẹ́ wa fi dára ju ti gbogbo ayé lọ. Dírẹ́tọ̀ ló ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èèyàn há a lẹ́yìn. Sitáàtì là ń pè é ní búrò, ìyẹn ọ́fíìsì wa. Ó ní èmi ni kí n máa wò ó, kí n máa sọ ohun tó bá sọ fún òun. Mo wò ó, ojú tì mí fún iléeṣẹ́ wa. Àwọn èèyàn ń wá, ká má purọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó. Wọ́n á ṣí ojú-ìwé, wọ́n á jáde kí wọ́n tó ka àkọlé tán, bí ẹni tó yọjú wọ pálọ̀, tó rí i pé àna òun ló wà níbẹ̀, tó sì rọra fẹ̀yìn rìn jáde.

Inú bí mi. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ mélòó kan nínú àwọn ojú-ìwé yẹn, mo sì gbà pé Faransé mi kò ní àbùkù. Mo gun sẹ̀mídjàn, àwọn alùpùpù akérò wa yẹn, mo forí lé Arzèkè, mo lọ bá àwọn oníbàárà wa pé kí wọ́n sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Obìnrin kan tó ń ta àǹkárá, ọmọ Nàìjíríà tó ti pẹ́ lọ́jà náà, ló dá mi lóhùn. Ó ní òun ṣí i lẹ́ẹ̀kan, òun rò pé ìwé ilé ẹjọ́ ni. Ó ní ta ló máa fi oníbàárà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ kó wá máa ka bí àwọn kan ṣe ń di ẹrù? Pé bí mo bá fẹ́ kí òun dúró, kí n sọ ọ̀rọ̀ èèyàn fún òun. Kí n sì fi ẹnu sọ ọ́, kí òun lè máa gbọ́ ọ bí òun ṣe ń ṣẹ́ aṣọ. Àwọn tó wà nítòsí ní òótọ́ ló sọ. Mo padà wá sí búrò pẹ̀lú ojú mi nílẹ̀.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀. Mo máa ń kọ ọ́ ní kúkúrú, n óò wá ka á sínú fóònù lédè wa, a ó gbé ohùn náà sábẹ́ àwòrán awakọ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bí tuntun bá ti jáde, fóònù rẹ̀ á dún, á sì rí àwòrán náà. Dírẹ́tọ̀ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun gba òǹkọ̀wé, ṣé rédíò ni mo fẹ́ dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sitáàtì kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. A wo wákàtí tí wọ́n ń wá, a rí i pé kété lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni, kí wọ́n tó lọ sọ́jà, tí fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn. Àwa náà sọ ọ́ di wákàtí tiwa. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ la máa ń sọ fún pé kó gbé e jáde nígbà yẹn, a ó sì wà lórí ibùsùn wa.

Nínú gbogbo ojú-ìwé awakọ̀ wọ̀nyí, ọ̀kan ló borí. Ọmọ Ṣábẹ̀ bíi tèmi ni ẹni tó ni ín, ọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àǹtí ló ń pè mí. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí kò tíì gbéyàwó, á ní ọkọ̀ ló ń jowú òun. Mo máa ń sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ kí obìnrin ráyè wọlé. Ó mọ gbogbo àwọn tó ń ta iṣu létí ọ̀nà láti Parakou dé ìsàlẹ̀, á sì máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dupò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, mo sì fi Yorùbá Ṣábẹ̀ wa sọ ọ́, kì í ṣe ti orí rédíò. Kò sẹ́ni tó ṣí ojú-ìwé yẹn tí kò gbọ́ ọ dópin. Àwọn kan tún ń padà wá.

Mo wá ṣàkíyèsí pé ẹnì kan wà ní Ṣábẹ̀ tó ń gbọ́ ọ ní àràárọ̀. Mo fi han ọmọkùnrin náà. Ó fọwọ́ bojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun ni, pé òun ló ra fóònù náà fún un, òun ló sì kọ́ ọ ní ibi tí yóò tẹ̀. Opó ni ìyá náà, ọmọkùnrin yìí sì ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ kó tó gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti Ṣábẹ̀ dé, á mú iṣu wá fún mi, á ní ìyá òun ní kí òun kí "ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù". A kò tíì fojú kan ara wa rí, ṣùgbọ́n a ń kí ara wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọmọ náà kú. Ó ń wakọ̀ òfìfo bọ̀ láti Malanville ní ìdájí. Ọkọ̀ àjàgbé kan ló bàjẹ́ sórí gudurọ́n, ọ̀nà ọlọ́dà yẹn, wọ́n fi í sílẹ̀ láìtan iná, wọn kò tilẹ̀ ṣẹ́ ewé lélẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn tó ní àánú lójú ṣe máa ń ṣe. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dé Parakou. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní búrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ni àjàgbé yẹn, mo bú u títí, ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ìgbà tí èébú tán ni mo tó mọ̀ pé ẹkún ni mò ń sun.

Àbúrò bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí àwa ará Ṣábẹ̀ tó wà ní Parakou. Bàbá Tíṣà là ń pè é. Kí oòrùn tó mú, ó ti kó wa jọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. A kì í pe abiyamọ lórí fóònù pé ọmọ rẹ ti kú. Ẹni tó bá máa túfọ̀ fún un gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ olórí agboolé, wọn á jọ wọlé tọ̀ ọ́, wọn á ní ara ọmọ kò yá, wọn á máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi gbára dì, àwọn obìnrin á sì ti wà nítòsí tí yóò dì í mú. Bàbá Tíṣà ní ìdájí Ẹtì la máa gbéra, nítorí gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn ló máa fi parí ọ̀rọ̀ òkú ní ọsibítù. Ó wá na ìka sí wa. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbòmíràn, òun àti onítọ̀hún kò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ̀yin náà mọ ẹnu wa, àwa ọmọ Ṣábẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, a pa ẹnu mọ́. Àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n nílé kò pe ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ní ọ̀rẹ́ kò pe ọ̀rẹ́. Bàbá Tíṣà yan ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa láti bá òun lọ, ó sì yan èmi. Mo ní kí lèmi fẹ́ wá ṣe láàárín àgbà. Ó ní obìnrin náà mọ ohùn mi, pé bó bá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Mo padà sí búrò lọ́sàn-án láti tọrọ ààyè. Mo bá Dírẹ́tọ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kan fún ọmọ náà ní Faransé, ó ní kí n bá òun sọ ọ́ lédè wa. Mo tún un ṣe, mo fi ìró bo orí nínú yàrá ẹ̀yìn kí ariwo gáráàjì má baà wọlé, mo sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Mo sọ fún un pé kó má gbé e jáde o, kó jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Ṣábẹ̀ ná. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbà wọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí. Ní ilé tiwọn ní Zongo, bí èèyàn bá kú ní ìdájí, mọ́sálásí á ti kéde rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọn á sì ti kírun sí i lára, wọn á ti sin ín kí ọjọ́ tó rọ̀. Ìyá òkú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Lójú wọn, ẹni tó bá fi ikú pa mọ́ ti dójú ti òkú, bí ẹni pé ó kú ikú ẹ̀sín. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn èèyàn sì ti ń sọ ọ́ lórí fóònù pé iléeṣẹ́ wa ń fi òkú awakọ̀ rẹ̀ pa mọ́. Alájà bínú sí i, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Kò wá sí ọkàn ọkùnrin yẹn rárá pé abiyamọ kan lè wà láyé tí ọmọ rẹ̀ á kú láàárọ̀ tí kò ní gbọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó rò pé a ti sọ fún un, pé ìkíni ọ̀fọ̀ là ń bá lọ sí Ṣábẹ̀, àti pé ìdájí tí a ní a máa gbéra ni a máa débẹ̀. Nítorí náà, ó sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbé e jáde ní wákàtí tí a jọ yàn, wákàtí tí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ wa jù. Ó wá lọ kírun.

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí a kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Bàbá Tíṣà wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀, èmi àti ìyá àgbà wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ṣí sitáàtì lórí fóònù mi. N kò wá nǹkan kan níbẹ̀, ọwọ́ mi kàn ti mọ́ ọn ni, bí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe máa ń mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Mo rí ojú-ìwé tuntun lókè gbogbo ojú-ìwé, orúkọ ọmọ náà lórí rẹ̀, àwọn èèyàn ń rọ́ wọlé bí n kò ṣe rí i rí.

Mo pe Dírẹ́tọ̀. Mo ní kí ló ṣe.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé wọn kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Kí ni mo sọ fún ọ pé à ń lọ ṣe?"

Ó pa ìpè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí mo tún wo fóònù, ojú-ìwé náà ti lọ. Ó ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n; bó bá ti bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò ṣà á? Mo ní láti sọ fún Bàbá Tíṣà. Ó yí padà wò mí láti iwájú, kò bú mi. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó ti dé Ṣábẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Parakou pọ̀ níbẹ̀. Kùtọnù wà níbẹ̀, Ìlọrin wà níbẹ̀, Libreville pàápàá wà níbẹ̀. N kò rí Ṣábẹ̀. Mo tún un wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí. Ní Kùtọnù, ẹnì kan wà tó gbọ́ ọ tán tó tún un gbọ́, tó tún un gbọ́, tí kò dúró títí Dírẹ́tọ̀ fi yọ ọ́. Mo lérò pé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, mo sì káàánú rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Tíṣà pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀, ó dá mi lójú, ẹ̀rọ ti sọ ọ́. Ó ṣí fìlà lórí. Ó ní Ọlọ́run kò dójú ti òun. Ìyá àgbà náà ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín.

Nígbà tí a dé Ṣábẹ̀, a kọ́kọ́ bá olórí agboolé, òun àti arúgbó mìíràn tẹ̀lé wa. Ìyá náà jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Obìnrin kékeré kan ni, ó rí gẹ́lẹ́ bí ọmọ rẹ̀ lójú, mo yára wo ilẹ̀. Ó ti gbá ojúlé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó bèèrè ọ̀nà, ó bèèrè àwọn ará ilé, ó lọ gbé omi wá fúnra rẹ̀.

Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ó ní ara ọmọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ìyá náà ní kí ló ń ṣe é. Ó ní ara náà ni. Ìyá náà ní ṣé ó ń jẹun. Ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá há Bàbá Tíṣà lọ́fun, obìnrin náà á bi í ní ìbéèrè tí yóò mú un dé ibi tó kàn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé obìnrin yìí ní sùúrù o, ẹlòmíràn ì bá ti dìde. Nígbà tó yá, Bàbá Tíṣà ní, "Ìyàwó wa, ọwọ́ wa kò tó o mọ́." Obìnrin náà ké igbe, ó ju àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, àwọn obìnrin agboolé jáde wá dì í mú. Ó rí bí ó ṣe yẹ kó rí. Bàbá Tíṣà fi etí agbádá nu ojú, ó sì wò mí bí ẹni tí a bá gbé ẹrù tó wúwo délé láìfọ́.

Ọjọ́ ti yí díẹ̀ nígbà tí ìyá náà ní kí wọ́n pe èmi wá sí yàrá òun. Ó ní kí àwọn obìnrin tó kù fún wa láyè. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ó ní, "Ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù."

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Mo ti gbọ́ kí ẹ tó dé."

Mo bi í léèrè pé ta ló sọ fún un, inú ti ń bí mi sí ẹni náà, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Ó yọ fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé e lé ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ìwọ ni."

Ó rọra ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní òun jí, fóònù dún, òun rí àwòrán ọmọ òun, inú òun dùn pé wọ́n ti ṣe tuntun nípa rẹ̀. Òun gbọ́ ọ. Òun rò pé etí òun ló ń tan òun, òun tún un gbọ́. Òun ń gbọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀ títí kò fi ṣí mọ́. Òun mọ̀ pé àwọn èèyàn òun yóò wá, nítorí òun ní èèyàn. Ni òun bá dìde, òun gbálẹ̀, òun wẹ̀, òun gbé ẹ̀wà síwájú kí òun lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Òun kò ké, nítorí bí òun bá ké, àdúgbò á kún, ọkọ òun á wá dé, á bá a pé fóònù ti ṣe iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá ṣe. Bàbá Tíṣà ló ń pè ní ọkọ rẹ̀, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ.

Ó ní, "Àgbàlagbà ni. Ó ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún fẹ́ sin ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kò lè fi ìyẹn kún un. Má sọ fún un."

Ìgbà náà ni Kùtọnù tó yé mi. Ẹ̀rọ yẹn kì í rí ẹsẹ̀ èèyàn níbi tó gbé dúró. Ibi tí kọnẹsíọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì bá gbà kọjá ló máa ń kọ sílẹ̀, lónìí kó ní Ṣábẹ̀, lọ́la kó ní Kùtọnù, obìnrin kan náà, lórí ẹní kan náà. Mo dojú bolẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló pè mí sí, kí n dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú fóònù mọ́, kí n tún un sọ fún òun, kí n rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà níta má gbọ́. Ó ní ó ṣe tán, mo mọ àṣà wa, wọn kò ní jẹ́ kí òun mọ ibi tí wọ́n bá sin ín sí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí àwọn èèyàn wa ẹ kú àárọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ló wà lẹ́nu wa lónìí. Nígbà tí mo dé orí orúkọ ọmọ náà, n kò lè pè é. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò jáde. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń wúkọ́, ó pe orúkọ náà fúnra rẹ̀, ó sì ń bá a lọ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló ń sọ, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. "Awakọ̀ wa ni, ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Bó bá ń bọ̀ ní gáráàjì, ẹ̀rín rẹ̀ la máa ń gbọ́ kí a tó gbọ́ ọkọ̀. Kò fi aláìsàn sílẹ̀ létí ọ̀nà rí. Ìyá rẹ̀ ló máa ń kí kó tó gbéra, ìyá rẹ̀ náà ló máa ń kí bó bá dé."

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní ìdí gbogbo ohùn tí a bá gbé jáde, ìpolówó kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ti sọ sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra rẹ̀, nítorí sitáàtì ti fi hàn wá pé àwọn tó bá gbọ́ dópin ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí yọ ọ́ kúrò. Ìyá náà kò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀yàyà: "Bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò, ẹ bá wa lọ. A ó gbé yín délé láyọ̀."

Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ló tó sunkún.